Ẹ̀gbọ́n, Ẹ Má Tíì Gbé Fìrísà Sínú Ọkọ̀ Ojú Omi Yẹn

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Àgbádárìgì tó ń fi ọkọ̀ ojú omi jẹun. Ọkọ̀ náà kò tóbi, fáíbà ni wọ́n fi ṣe é, ẹ́ńjìnnì họ́ọ̀sì pawa 40 ló wà lẹ́yìn rẹ̀, èèyàn mẹ́jọ ló sì ń gbé, atukọ̀ wà nínú wọn. Àwọn àlejò tó wá wo ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú lọ sókè òkun láyé ọjọ́un ló máa ń gbé kọjá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fù. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ìgbà ọdún, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ lọ ṣe fàájì létí òkun máa ń háyà ọkọ̀ náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn ló pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ń dún bíi ti ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

“Àbúrò,” ló wí, “mo ti rí ohun tó máa gbé òwò mi sókè. Fìrísà kékeré kan ni, ó ṣeé gbé dání bí àpótí, bátìrì ló ń lò, kò bá iná ìjọba tan. Inú ọkọ̀ ni mo fẹ́ gbé e sí. Mínírà tó tutù, áìsì kirìímù, ẹja dídì tí wọ́n máa sun létí òkun, gbogbo ẹ̀ ni màá máa tà fún wọn. Kọpuréétífù wa ti ní àwọn máa yá mi lówó.”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì fọwọ́ sí ìwé owó náà, kó jẹ́ kí n wá. Ọ̀rọ̀ náà kọjá èyí tá a lè sọ tán lórí fóònù. Mo sì mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń ro irú èrò yìí, nítorí láti Àgbádárìgì dé Ìlàṣẹ, láti Tarkwa Bay dé Ẹ̀pẹ́, àwọn tó ń fi ọkọ̀ kékeré gbé èèyàn lọ ṣe fàájì kò kéré mọ́, kò sì sí ẹni tí kò fẹ́ fi nǹkan kan ta ẹnì kejì rẹ̀ yọ. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá sójú ìwé yìí. Àwọn tí kò ní ọkọ̀ ojú omi náà lè bá wa gbọ́ ọ, torí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlọta àti ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ oníná, ojú kan náà ló yẹ kí wọ́n fi wo ọjà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo kórìíra fìrísà o. Lọ́dún 2004, èmi àti ìyàwó mi ra ńlá kan ní tòkunbọ̀, a gbé e síwájú ilé, a ń ta títùs, kótè, pańla àti ṣáwá. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn. Bí a ṣe ń ta páálí kan là ń lọ gbé òmíràn. Àfi bí tíránsífọ́mà àdúgbò ṣe jó lóru ọjọ́ kan, tí iná kò sì dé fún ọjọ́ mọ́kànlá. Jẹnẹrétọ̀ wa kékeré gbé fìrísà náà fún ọjọ́ méjì, lọ́jọ́ kẹta ó dákẹ́. Páálí mẹ́rin ló bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, gbogbo àdúgbò ló sì gbóòórùn rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tí a fẹ́ ra fìrísà yẹn, iye tí wọ́n ń tà á nìkan la béèrè. A ò béèrè ohun tó máa jẹ lójúmọ́, a ò sì béèrè ẹni tó máa fún un jẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹrù tí à ń sọ, nítorí oríṣi méjì ni àwọn ontajà máa ń pe orúkọ kan náà fún. Èyí àkọ́kọ́ ní kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ nínú bíi ti fìrísà ilé, àmọ́ ó kéré, iná bátìrì fóòtì 12 tàbí 24 ló sì ń lò. Fìrísà gidi nìyẹn, òun ló lè mú ẹran dì bí òkúta. Ilé iṣẹ́ Danfoss ti orílẹ̀-èdè Denmark ló sọ irú kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ kékeré yìí di gbajúmọ̀ láàárín àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Secop ni orúkọ tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ń jẹ́ báyìí. Àwọn ará Japan ní tiwọn tó ń jẹ́ Engel, àwọn ará Ṣáínà náà sì ń ṣe oríṣiríṣi tí owó rẹ̀ kò pọ̀ tó ti àwọn yòókù.

Èkejì kò ní kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ rárá. Àwo pẹlẹbẹ kan tí iná ń mú tutù lójú kan àti fáànù kékeré ló wà nínú ẹ̀. Ó fúyẹ́, kò wọ́n, wọ́n sì lẹ àwòrán yìnyín mọ́ ọn lára. Gbogbo iṣẹ́ tó mọ̀ ni kó mú kí inú rẹ̀ fi bí ìwọ̀n 20 tutù ju ìta lọ. Tí ooru ìta bá jẹ́ ìwọ̀n 33, bó ṣe máa ń rí nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, inú àpótí náà á jẹ́ 13. Ìwọ̀n 13 kò lè mú omi dì títí ayé. Púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ ìgbà tó yẹ káwọn sinmi, ńṣe ni wọ́n ń fa iná láti àárọ̀ di àárọ̀. Tí wọ́n bá gbé àpótí wá bá yín, ẹ ní kí wọ́n tan án, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ ń kùn nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ gbé e wò. Àpótí lítà 40 tó bá fúyẹ́ bíi kúlà òfìfo, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Mo mọ obìnrin kan tó ra irú ẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà láti fi ta áìsì kirìímù níbi òde. Ọjọ́ àkọ́kọ́ náà ló di pé ó ń fi ṣíbí bu omi mílíìkì fáwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Ká wá gbà pé ojúlówó ni ẹ̀gbọ́n rà. Kí ni yóò máa jẹ? Fìrísà lítà 40 máa ń fa bí áńpìà 4 sí 5 nígbà tí kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣiṣẹ́ láìdúró. Tó bá ti tutù dé ibi tí wọ́n yàn fún un, á sinmi, tí inú rẹ̀ bá tún fẹ́ gbóná, á tún gbéra. Iye tó ń jẹ lójúmọ́ sábà máa ń wà nínú ìwé tó bá a wá, ṣùgbọ́n ibi tí ooru rẹ̀ kò tó tiwa ni wọ́n sábà máa ń ti wọ̀n ọ́n. Lójú omi tiwa níbí, tí èèyàn bá ní kó mú nǹkan dì gan-an, tí àwọn oníbàárà sì ń ṣí i ní gbogbo ìgbà láti wo ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ ṣírò rẹ̀ pé á máa ṣiṣẹ́ fún ogójì ìṣẹ́jú nínú wákàtí kan. Wákàtí 16 nìyẹn nínú wákàtí 24. Áńpìà 4 ní ọ̀nà 16, ó di 64. Tó bá jẹ́ pé kó kàn tutù bíi fìríìjì ló fẹ́, kó máà dì, ó lè jẹ bí ìdajì ìyẹn.

Bátìrì tí wọ́n kọ 100 sí lára ńkọ́? Tó bá jẹ́ bátìrì olómi tàbí ti gẹ́ẹ̀lì tá a mọ̀, kò yẹ kéèyàn lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kó tó tún un gba iná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní í pẹ́ tó fi máa kú. Ìdajì 100 ni 50. Fìrísà wa sì fẹ́ 64. Ó di bátìrì méjì nìyẹn. Bátìrì mọ́tò kò sì bá iṣẹ́ yìí mu, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó fi agbára taari ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan kó sì sinmi. Ẹ bá a wá èyí tí wọ́n ṣe fún sólà. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù ni èèyàn lè lò dé 80 nínú 100 láìsí wàhálà, kò sì wúwo, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ owó rẹ̀ á kọ́kọ́ jókòó.

Ontajà á ní kẹ́ ẹ má dààmú, pé sólà á máa bọ́ bátìrì. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Páànẹ́lì wáàtì 100, tó bá rí oòrùn gidi fún wákàtí mẹ́rin, á mú 400 wá. Ẹ yọ èyí tó ń ṣòfò nínú wáyà, nínú ooru àti nínú bátìrì fúnra rẹ̀, ó kù bí 300. Fìrísà tó ń jẹ áńpìà 64 lójúmọ́ ń jẹ bí 770. Páànẹ́lì mẹ́ta ló ń fẹ́ o, nínú ọkọ̀ èèyàn mẹ́jọ tí kò ní òrùlé! Tí ẹ̀gbọ́n bá kan irin láti fi gbé òrùlé sólà sókè, afẹ́fẹ́ ọ̀sà á máa fà á bí ìgbòkun. Ẹ jẹ́ ká tún rántí oṣù kẹfà àti oṣù keje, nígbà tí oòrùn Èkó máa ń yọjú bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú nìyí, wọn kì í sì í mọ̀: wáyà. Àwọn rẹ́wáyà wa mọṣẹ́ nínú mọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ̀ ni bátìrì ọkọ̀ ojú omi máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, iwájú sì ni ẹ̀gbọ́n fẹ́ gbé fìrísà sí kó má bàa gba ooru. Mítà mẹ́fà ni àlọ, mẹ́fà ni àbọ̀. Tí rẹ́wáyà bá lo wáyà 1.5 tí wọ́n fi ń ṣe iná ilé, fóòtì bí 0.7 á ti sọnù sójú ọ̀nà kí iná tó dé ọ̀dọ̀ fìrísà. Bátìrì lẹ́yìn lọ́hùn-ún á ní òun ní 12.1, fìrísà níwájú á rí 11.4. Fìrísà wọ̀nyí sì ní ohun kan nínú tó ń ṣọ́ bátìrì, tó jẹ́ pé tí iná bá ti lọ sílẹ̀ jù, á pa ara rẹ̀ kó má bàa mu bátìrì gbẹ. Pàápàá nígbà tí kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ bá fẹ́ gbéra, tó nílò agbára púpọ̀, á gbéra, á kú, á tún gbéra, á tún kú. Olówó á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, yóò lọ bá ontajà jà, bẹ́ẹ̀, wáyà tí kò tó nǹkan ló fa gbogbo rẹ̀. Tí wọ́n bá lo wáyà 6, kò ní í sọnù tó fóòtì 0.2. Kí wọ́n sì fi fíúsì sẹ́bàá bátìrì, nítorí wáyà tó bá ta kora níbi tí bẹntiróòlù wà kò ní í fún ẹnikẹ́ni láyè láti ṣàlàyé. Èyí tí wọ́n ń kì bọ ojú ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá nínú mọ́tò, tó sábà máa ń bá fìrísà wá, kò bójú mu lójú omi; iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ á jẹ ẹ́, ìgbì á sì máa mì ín títí tó fi máa yọ.

Ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n tí ojú rẹ̀ fi yí padà nìyí. Kọ́kọ́rọ́ ló fi ń sítáàtì ẹ́ńjìnnì rẹ̀, bátìrì kan ṣoṣo ló sì wà nínú ọkọ̀. Tó bá so fìrísà mọ́ bátìrì yẹn, tí wọ́n gúnlẹ̀ sétí òkun láago mẹ́wàá àárọ̀, tí fìrísà sì ń fa iná láti ìgbà yẹn, kí ló máa ṣẹlẹ̀ láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ bá wọkọ̀ tán, tó yí kọ́kọ́rọ́, tí ẹ́ńjìnnì kàn ń ṣe “kẹ́, kẹ́, kẹ́”? Àjọ LASWA tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi nípìnlẹ̀ Èkó láti ọdún 2008 kò fẹ́ kí ọkọ̀ akérò máa rìn lálẹ́, ẹni tó bá sì ti wà lójú ọ̀sà lóru rí, tí ìgẹdú tó léfòó ń fẹ́ kan ọkọ̀ rẹ̀, mọ̀ pé òfin náà kì í ṣe ti ìjẹgàba. Bátìrì tó ń sítáàtì ẹ́ńjìnnì, fìrísà kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Tiẹ̀ gbọ́dọ̀ dá wà. Àwọn tí okùn ni wọ́n fi ń fa ẹ́ńjìnnì tiwọn bọ́ lọ́wọ́ èyí, àmọ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí púpọ̀ nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í fún bátìrì ní iná rárá.

Ẹnì kan lábẹ́ igi níbi tá a jókòó sí ní kí ẹ̀gbọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré sínú ọkọ̀ kí ọ̀rọ̀ tán. Mo ní rárá. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹ ẹ rí ohun tí ojú wa ń rí lórí lítà bẹntiróòlù kan. Yàtọ̀ sí owó, ta ni yóò máa rọ epo sínú jẹnẹrétọ̀ gbígbóná láàárín èèyàn méje nínú ọkọ̀ fáíbà?

Ẹ jẹ́ ká wá sí orí ìwúwo, nítorí èyí gan-an ni ọ̀rọ̀ owó, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́. Fìrísà òfìfo, bíi kílò 20. Ohun tó wà nínú ẹ̀, bíi 25. Bátìrì olómi méjì, kílò 60 ni wọ́n. Páànẹ́lì mẹ́ta, irin tó gbé wọn àti wáyà, ẹ jẹ́ ká pè é ní 30. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 135. Àgbàlagbà méjì nìyẹn o, wọn ò sì san kọ́bọ̀! Ọkọ̀ èèyàn mẹ́jọ ti di ti ẹni mẹ́fà, atukọ̀ wà nínú wọn. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n pé, “Ṣé ẹ máa já èèyàn méjì sílẹ̀?” Ó dákẹ́. Mo mọ ìtumọ̀ ìdákẹ́ yẹn. Kò ní í já ẹnikẹ́ni sílẹ̀, yóò gbé mẹ́jọ lé fìrísà lórí, ọkọ̀ á wá jókòó sínú omi ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ìjàǹbá tá à ń gbọ́ lórí omi, àpọ̀jù ẹrù àti àìwọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì ló sábà máa ń bí i. Tó bá sì jẹ́ olóòótọ́, tó já èèyàn méjì sílẹ̀, a jẹ́ pé gbogbo ìrìnàjò ni èrè orí mínírà àti áìsì kirìímù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san owó ẹni méjì kó tó di èrè.

Bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ pípẹ́? Piọ wọ́tà.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bágì kan jẹ́ ogún, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdajì lítà, ìyẹn kílò mẹ́wàá. Tí wọ́n bá dì í mọ́jú, yìnyín kílò mẹ́wàá nìyẹn. Yìnyín ní agbára tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: ooru tí kílò kan yìnyín máa gbé mì kó tó yọ́ tán tó èyí tó lè mú kílò kan omi tútù nini gbóná dé ìwọ̀n 80. Ẹ ka ìgò mínírà 24, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì lítà, tó gbóná dé ìwọ̀n 30 nínú oòrùn. Láti mú gbogbo wọn tutù dé ìwọ̀n 5, kò tó ìdajì bágì kan yìnyín ló máa lọ sí i. Èyí tó kù á máa tọ́jú wọn di ìrọ̀lẹ́, bí kúlà náà bá jẹ́ olókè nínípọn, tí wọ́n sì gbé e síbi ìbòòji tí wọ́n da aṣọ tútù bò ó. Yìnyín tó bá wá yọ́ kò ṣòfò, nítorí inú ọ̀rá rẹ̀ náà ló ṣì wà. Omi tútù ni. Ẹ ta òun náà! Fìrísà wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé ohun tó fi ṣiṣẹ́ náà jẹ́ ọjà?

Nítorí náà, fìrísà tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n ronú lé ni èyí tó máa wà nílé, lórí ilẹ̀, tí kò ní í bá ìgbì jà. Òun ni yóò máa fi di piọ wọ́tà lóru. Mo mọ̀ pé iná náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Lóṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A kúrò ní nǹkan bíi náírà 68 lọ sí 225 lórí yúnìtì kan, àwọn tó ń ta áìsì bílọ́ọ̀kù sì ti fi tiwọn lé orí ọjà. Ṣùgbọ́n fìrísà ilé tí iná ṣe ségesège fún kò ní í há ẹnikẹ́ni mọ́ etí òkun. Tí kò bá sì sí iná ládùúgbò rẹ̀ rárá, ẹni tó ń ta yìnyín wà lọ́jà, ọjọ́ tó bá ní oníbàárà nìkan ló máa ra á.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó bá ní oníbàárà yìí ló kàn mí jù nínú ọ̀rọ̀ owó kọpuréétífù. Ẹ̀gbọ́n kì í ríṣẹ́ fàájì ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ lóṣù, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dára. Tí òjò bá wọlé, ó lè gbé oṣù kan kó má rí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Kọpuréétífù kì í béèrè bóyá òjò ń rọ̀. Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é, kì í ṣe iye ọjà o: tó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ló ń ná lórí yìnyín lójúmọ́ iṣẹ́, tó sì ṣiṣẹ́ ọjọ́ 60 lọ́dún, ẹgbẹ̀rún 240 ni lọ́dún kan. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra fìrísà, bátìrì méjì, páànẹ́lì, ẹ̀rọ tó ń darí sólà àti wáyà ro gbogbo owó wọn pọ̀, kó pín in sí 240, kó sì wo iye ọdún tó máa gbà á kó tó bá yìnyín dọ́gba. Kó tún rántí pé bátìrì olómi lè kú kí ọdún wọ̀nyẹn tó pé. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹrù òkè òkun yìí tó tún pọ́ọ́kú.

Ohun mìíràn tí ẹ̀gbọ́n ní lọ́kàn ni pé òun á máa ra ẹja tútù lọ́wọ́ àwọn apẹja lójú omi, òun á jù ú sínú fìrísà náà kó dì. Kò ní í rí bẹ́ẹ̀. Àwọn fìrísà kékeré yìí mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ohun tó ti dì tẹ́lẹ̀. Láti mú kílò mẹ́wàá ẹja tó gbóná dì, ó lè gbà wọ́n tó odindi ọjọ́ kan, kí bátìrì sì gbẹ sídìí rẹ̀, títùs tó ti dì tẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Yìnyín fífọ́ ni ẹja tútù ń fẹ́, kí wọ́n tò ó ní ìpele ìpele, yìnyín kan, ẹja kan. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ẹja ń lò fún ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ni kílò yìnyín kan sí kílò ẹja kan, àwọn ìyá wa tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́ kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ta ló wá yẹ kó ra fìrísà yìí? Àwọn kan wà tí yóò wúlò fún, mi ò ní í purọ́. Ẹni tó ń gbé àlejò lọ fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta, tí wọ́n ń sùn lójú ọ̀nà, tí wọ́n gba Ẹ̀pẹ́ wọ ọ̀sà Lẹ́kì, yìnyín kò lè bá a dé ọjọ́ kẹta, ẹran àti ẹja tó máa sè fún wọn sì gbọ́dọ̀ wà ní dídì. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ tóbi díẹ̀, tó ní òrùlé tó le tí páànẹ́lì lè sùn lé. Ẹni tó ń ta áìsì kirìímù gan-an, tí kò fẹ́ kó yọ́ rárá. Irú wọn, ìmọ̀ràn mi ni pé kí fìrísà jẹ́ ohun tí wọ́n máa rà kẹ́yìn. Bátìrì, sólà àti wáyà ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, kí wọ́n so gílóòbù tàbí fáànù tó ń jẹ iye iná kan náà mọ́ ọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n rí i bóyá bátìrì ń kún padà lójoojúmọ́. Tó bá kún, kí wọ́n lọ ra fìrísà. Kí wọ́n má gbé e síbi tí ooru ẹ́ńjìnnì wà, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tó ń mí, kí ohun tí wọ́n máa kó sínú ẹ̀ ti dì láti ilé, kí wọ́n sì fi piọ wọ́tà dídì dí gbogbo àlàfo inú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ mi tán, inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní àwa tá à ń kọ̀wé ìròyìn mọ bí a ṣe ń fi ìṣírò pa àlá ènìyàn. Ìyàwó rẹ̀ tó ń dín ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò sọ nǹkan kan, àmọ́ lọ́jọ́ kejì ló ránṣẹ́ sí mi pé àwọn ti ra kúlà ńlá méjì, pé àwọn sì ti bá aládùúgbò kan tó ní fìrísà sọ̀rọ̀ láti máa bá àwọn di bágì mẹ́ta ní alaalẹ́ Jímọ̀. Ẹ̀gbọ́n kò gbà tán síbẹ̀. Ó ní kí n wá ní Sátidé tó ń bọ̀, kí n wọkọ̀ pẹ̀lú àwọn àlejò, kí n fojú ara mi ka iye ìgò tí òun máa tà àti iye ìgbà tí wọ́n máa béèrè áìsì kirìímù tí òun ò ní í rí fún wọn. Ó ní tí wọ́n bá béèrè ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ, èmi ni màá bá òun lọ sí ọ́fíìsì kọpuréétífù. Mo ti gbà. Màá gbé bírò àti ìwé dání.